Èmi Nìkan Lórí Ìtàgé

Mo mọ eré ṣe. Wọ́n ní adìẹ funfun kì í mọ ara rẹ̀ lágbà. Èmi mọ ara mi. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, láti Festac dé Amúwo, kò sí ọ̀dọ́kùnrin tó ń dá eré ṣe bíi tèmi. Fìlà kan, ìborùn kan, mo ti di lándílọ́ọ̀dù, mo ti di ìyá ọlọ́mọ. Nínú ìjọ wa, ọkùnrin lè tẹ dùrù, ṣùgbọ́n kó wé ìborùn kó máa sunkún bí obìnrin, ìyẹn ò bá àwọn àgbà lára mu.

Bàbá mi wà lára wọn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi ti wá, wọ́n ń wakọ̀ fún oníṣòwò kan ní Trade Fair, ọ̀gá náà sì ti ní kí n wá máa bá òun tọ́jú ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá mi ní, “Màá wá wo eré rẹ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ ni mo rí, ṣọ́ọ̀bù yá.”



Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan la lò, ará ìjọ kún un. Ó ń lọ dáadáa títí mo fi kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Mo ní, “Olúwa, ikú ò ní í mú ọmọ mi lọ.” Wọ́n ní, “Àmín!” Kí n tó mí, gbogbo wọn ti dìde. Àwọn kan ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn kan ń fèdè fọ̀, màmá kan sì ń gbé òróró bọ̀ láti fi ta mí lórí. Wọ́n ti gbàgbé pé eré ni.

Bí mo bá sọ fún wọn pé eré ni, ó parí nìyẹn; bàbá mi á ní mò ń fi àdúrà ṣeré. Mo jẹ́ kí wọ́n gbà á tẹ́rùn, mo wá fi ohùn ìyá yẹn ní, “Ní orúkọ Jésù la gbàdúrà.” Àmín ọ̀hún mi páànù. Kó tó rọlẹ̀, mo ti já ìborùn, mo ti dé fìlà, mo kọjú sí wọn: “Ta ló ń pariwo nínú ilé mi? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi tún páànù ṣe ni?”

Ẹ̀rín sọ. Kálukú jókòó, màmá tó gbé òróró di ògiri mú. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìyẹn, orí mi ló pé. Bàbá mi nìkan ló ṣì dúró, fìlà lọ́wọ́, wọ́n dijú, wọ́n ṣì ń gbàdúrà. A délé ní Alákijà, wọ́n lọ sùn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n ní kí n múra, ó di Trade Fair. Ó dùn mí wọra.

Ọ̀gá rí mi, ó ní, “Ṣé ó ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀?”

Bàbá mi ní, “Ẹ má bínú, sà. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni. Ó ti níṣẹ́.”

“Iṣẹ́ wo?”

“Eré orí ìtàgé.”

“Òun àti àwọn wo?”

“Òun nìkan, sà,” bàbá mi ní. “Ó sì tó.”