Àmì Irọ́ tí Eleuterio Júwe

Bí apẹja kan ní Boca Mansa, ìlú wa létí òkun, bá júwe ibi tó ti ń rí edé ńlá fún ẹ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì gba ibòmíràn lọ. Irọ́ ni. Nǹkan méjì lórí ilẹ̀ la fi ń dá ojú kan mọ̀ lórí òkun: bí tọ̀hún bá ti bọ́ sẹ́yìn tibí, o ti débẹ̀. Àmì nìyẹn. Ìyàwó kì í mọ àmì ọkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í bínú sí irọ́ náà, torí gbogbo wa là ń pa á.

Eleuterio àti Nicasio àbúrò rẹ̀ ní tiwọn: ilé aago ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn igi àràbà. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì àtijọ́ kan wà tó ti rì, edé sì ti fi àwọn ìbọn àgbá inú rẹ̀ ṣelé. Lọ́jọ́ kan, Nicasio mú ìkọ́ irin tó fi ń fa edé, ó wẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, pákó ńlá kan wó lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wẹ̀ lọ bá a. Kò lè gbé pákó náà.

Nígbà tó dé èbúté tó ròyìn ikú náà, ọkọ̀ mẹ́sàn-án múra láti lọ gbé òkú náà wá. Facundo tó ṣáájú wọn bi í pé níbo. Irọ́ tó ti mọ́ Eleuterio lẹ́nu ló jáde: ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ilé iyọ̀. Ó rò pé àbúrò òun ṣáà ti kú, pé òun á fi okùn lọ fà á jáde lọ́jọ́ kejì, kí àmì àwọn má baà di ti gbogbo ayé. Wọ́n wá òkú náà níbi tó júwe, wọn ò rí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjì dé. Ó jà fọ́jọ́ mẹ́ta. Nígbà tó rọlẹ̀, ilé aago ti wó, àràbà ti bá òkun lọ tigbòǹgbò tigbòǹgbò, kò sì sí ohun tí Eleuterio á fi mọ ojú ibẹ̀ mọ́.

A ò mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ló pa. Ohun tá a mọ̀ ni pé kí ìyá wọn tó kú, ó ní ká fi àyè sílẹ̀ fún Nicasio lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè òun. Pé ọ̀rọ̀ Eleuterio sú ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì kó lọ sí olú-ìlú. Pé gbogbo ọjọ́ tí òkun bá tòrò, ọkùnrin yìí á dá wa ọkọ̀ lọ, á máa wẹ̀ kiri nísàlẹ̀ omi. A pinnu láàárín ara wa pé góòlù inú ọkọ̀ àtijọ́ kan ló ń wá. Èmi tí mò ń dín ẹja létí omi ni mo máa ń pariwo jù.

“Eleuterio, góòlù yẹn ńkọ́?”

“Ó ku díẹ̀, Remedios.”

Á ra ẹja kan pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, á jẹ ẹ́ lóòró.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ tó rì dé. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n rí ọkọ̀ náà. Wọ́n pè wá sí ilé ìwé láti wá wo àwòrán rẹ̀, inú wa sì dùn, à ń ka ìbọn àgbá. Ọ̀mọ̀wé Ozuna wá fi ìkọ́ irin kan tí wọ́n fi wáyà dì mọ́ igi hàn wá láàárín pákó, ó ní ìkọ́ náà kò dàgbà tó ọkọ̀, ó ya òun lẹ́nu. Eleuterio dìde.

“Ìkọ́ edé àbúrò mi nìyẹn, èmi ni mo fi wáyà yẹn dì í. Ó wà lábẹ́ pákó yẹn.”

Facundo, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, yíjú sí i. “Ibẹ̀ kọ́ lo júwe fún wa.”

“Ibẹ̀ kọ́, bàbá. Mo purọ́ fún yín.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiwa gba ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Facundo mú fìlà rẹ̀, ó jáde, a sì tẹ̀ lé e. Èmi náà jáde. Inú ń bí mi nítorí ìyá rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kó ìwọ̀nba egungun Nicasio tí wọ́n rí wá, a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo ìlú ló wá. Kò sẹ́ni tó kí Eleuterio.

Lọ́jọ́ kejì, òkun tòrò. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, kò sí ohun tó ń wá mọ́, ó sì padà lọ́sàn-án. Nígbà tó dé iwájú mi, ó dúró. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n bi í pé góòlù yẹn ńkọ́. Ó ń dùn mí, àmọ́ mo tẹjú mọ́ epo tó ń hó, mò ń yí ẹja tí kò tíì tó yí, títí ó fi lọ.