Ìṣó Tí Wọ́n Ní Kí Ẹ Yọ

Ẹ̀gbọ́n mi Ògiri-Lanu, ọjọ́ kẹtàlélógún rèé tí ẹ ti kú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, níwájú ilẹ̀kùn tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀wé sí. Mo kọ méjì. Akọ̀wé wọn ní wọ́n wà ní ìpàdé. Ìpàdé ọjọ́ mọ́kànlá! Mo wá rò ó pé nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yin tí ẹ ti kú lẹ ṣeé bá sọ̀rọ̀ jù. Mo sì bẹ àwọn oníwèé ìròyìn pé kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tí kì í ka lẹ́tà tí a kọ sí i lè ka èyí tí a kọ sí ẹlòmíràn. Lẹ́tà onílẹ́tà kì í sú èèyàn í kà.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ikú yín pé: "Ó kú lójú ọ̀nà." Mi ò bá wọn jiyàn. Òótọ́ ni, ojú ọ̀nà lẹ kú sí. Ohun tí wọn ò kọ ni pé ọ̀nà wo. Ọ̀nà tí wọ́n ní kí ẹ yà ni. Ọ̀nà tó gùn lọ rẹrẹ lójú, tí kò sì nípọn ju èèpo ẹyin lọ.

Kí ẹni tí kò mọ̀ yín lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ayàwòrán ni yín. Ara ògiri lẹ ti ń jẹun. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wa wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń la ògiri lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ lorúkọ yẹn ṣe mọ́ yín lára. Ìyá àgbà kan wà tí yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Ẹ ya fèrèsé sí i, ẹ fi òkè méjì àti oòrùn àárọ̀ síwájú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá náà ránṣẹ́ pè yín pé kí ẹ wá bá òun ya kọ́tìnì sí i, oòrùn ń pa òun lójú.

Èmi náà, ẹ kọ́ mi. Aránṣọ ni mí, mi ò mọ àwòrán yà. Lọ́jọ́ kan tí kò sí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa ìlà kan yí po lórí ìwé tí mo fi ń gé aṣọ.

"Kí lo rí?"

"Òdo ni."

"Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé síbí?"

Mo nàka sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi pẹ́ńsùlù pa ẹ̀gbẹ́ kejì òdo náà, ẹ jẹ́ kó máa dúdú díẹ̀díẹ̀, ẹ dá ojú kékeré kan sí níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, ẹ wá fi òjìji sábẹ́ rẹ̀. Òdo di ẹyin. Ọlọ́run ló mọ̀, ọwọ́ mi sáré lọ dì í mú kó má baà yí bọ́ lórí tábìlì. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi húkọ́.

"Iṣẹ́ kan náà la ń ṣe, àbúrò mi. Ìwọ ń fún aṣọ pẹlẹbẹ ní àyà, èmi ń fún ògiri ní ikùn."

Bí ẹ bá fẹ́ ya ọ̀nà tó jìn, ẹ ó kan ìṣó kan mọ́ ògiri ní ọ̀gangan ojú èèyàn. Ẹ ó so òwú mọ́ ọn, ẹ ó fi ẹfun pa òwú náà, ẹ ó fà á dé gbogbo igun, kí ìlà ilẹ̀ àti ìlà àjà lè sáré wá pàdé lójú kan náà. Ohun tó wà nítòsí, ẹ ó jẹ́ kó tóbi kó sì mú. Èyí tó jìnnà, ẹ ó sọ ọ́ di kékeré, ẹ ó jẹ́ kó ṣe bàìbàì bí ohun tí èéfín bò. Tí ẹ bá parí, ẹ ó yọ ìṣó náà, ẹ ó dí ihò rẹ̀. Ibi tí ẹ ti yàtọ̀ sí gbogbo ayàwòrán yòókù nìyí: ẹ ó tún wá fi ọ̀dà ya ìṣó kékeré kan sí ojú ibẹ̀ gan-an, ìṣó tó dúró lójú òfúrufú, tí òjìji rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Kò sí òjìji tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i, ó ti mọ̀ pé ògiri nibẹ̀.

Mo bi yín pé kí ló dé tí ẹ ń ba iṣẹ́ ara yín jẹ́. Ẹ ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kí n tan òun, màá tan án, kó gbádùn. Ẹni tí kò bá fẹ́, ó yẹ kó rí ibi tí yóò ti mọ̀."

Ẹ wo ẹni tí wọ́n wá bẹ níṣẹ́ irọ́!

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè yín. Lára pátákó tó wà lẹ́nu géètì, wọ́n ti kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn náà ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì tuntun. Wọ́ọ̀dù náà ni kò tíì gbọ́. Ògiri funfun ló wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àlejò pàtàkì kan sì ń bọ̀ láti olú iléeṣẹ́ ètò ìlera láti wá wo ohun tí wọ́n kọ́. Ọ̀gá àgbà fún yín ní àga, wọ́n pè yín ní ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí ẹ ya ohun tí àwọn fẹ́ kọ́ síbẹ̀, kí ọkàn àwọn aláìsàn lè máa balẹ̀. Wọ́n ní tó bá di oṣù tó ń bọ̀, àwọn bíríkìlà á wọlé, wọn á wó ògiri náà pẹ̀lú àwòrán ara rẹ̀.

Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀dà tan gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi tan yín.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ fi ṣe é. Ilẹ̀kùn méjì tó ṣí sílẹ̀, àkọlé PÀJÁWÌRÌ lókè wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń dán lọ títí, bẹ́ẹ̀dì méjìlá, nọ́ọ̀sì mẹ́fà tí kò rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí ẹ parí, ọ̀gá àgbà wá wò ó. Ẹ̀yin lẹ ròyìn rẹ̀ fún mi, ẹ tiẹ̀ sín ohùn wọn jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

"Ìṣó ni, sà."

"Mo rí i pé ìṣó ni. Kí ló ń wá lójú òfúrufú?"

"Ó ń sọ fún èèyàn pé ògiri nibí, sà."

"Ta ló bi í?"

Ẹ yọ ọ́. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ jókòó sórí àpótí tí mo fi ń lọ aṣọ, ẹ ò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Àbúrò mi," ẹ ní, "láti ọjọ́ tí mo ti ń yàwòrán, àrà ni mò ń dá. Lónìí, mo purọ́."

Ẹ sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ibì kan ṣoṣo ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti ń jẹ́ òótọ́. Èèyàn tó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, àwọn ilẹ̀kùn náà á wọ́ bí ẹni tó mutí yó. Ìmọ̀ràn yín wúlò fún wọn gan-an ni! Ibi kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n gbé àga àlejò sí, wọ́n sì fi okùn pupa dí ọ̀nà iwájú. Àlejò jókòó, ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́. Ó wá wo wọ́ọ̀dù, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni mú òun wọ inú rẹ̀. Ṣé ojú rẹ̀ ni kò ríran ni, àbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò fẹ́ mọ̀? Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá rí bíríkìlà kan níbẹ̀, kó sọ fún mi.

Ìgbà tó wá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí ẹ kú yẹn, ẹ wá gba ṣòkòtò tí mo bá yín tún ṣe, ẹ di àyà mú, ẹ sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá tó ń ta táìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Ọkùnrin méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn gbé yín sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n sáré, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n sáré bí ẹni pé bàbá wọn ló dùbúlẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí PÀJÁWÌRÌ, wọ́n rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ẹni tó ń sáré kì í yẹ ìlà wò. Èmi ń kígbe lẹ́yìn pé kí wọ́n dúró, wọn ò gbọ́. Bẹ́ẹ̀dì lọ lu ògiri, gbì!

"Ta ló ti ilẹ̀kùn yìí?" Ọ̀kan lára wọn ló ń pariwo. Èkejì na ọwọ́ láti fà á, ìka rẹ̀ ń yọ̀ lórí ọ̀dà. "Yéè! Ògiri ni o!"

Ẹ lajú. Ẹ wò ó láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ rẹ́rìn-ín. "Ó dára jù," ẹ ní. Lẹ́yìn náà ẹ wá ojú mi. "Ìṣó mi dà?" Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu yín nìyẹn.

Yàrá pàjáwìrì gidi wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ní òdìkejì àgbàlá tí òkúta kún. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì padà. Nígbà tí a fi débẹ̀, nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ọrùn yín, ó wo ojú mi, ó fa aṣọ bò yín lójú. Òun nìkan ló wà fún aláìsàn márùn-ún. Ó fi ọwọ́ kan gbé ike omi tí wọ́n ń fà sí ẹnì kan lára sókè, nítorí kò sí igi tí wọ́n máa fi kọ́ ọ. Nínú àwòrán yín, irú igi bẹ́ẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án.

"Màmá, ẹ má bínú," ọ̀kan nínú àwọn tó gbé yín ń sunkún. "Ibi tí wọ́n kọ pàjáwìrì sí la gbé wọn lọ."

Mo ní, "Ọmọ mi, o ò ṣẹ̀. Ìwé lo kà."

Nọ́ọ̀sì yẹn ló sọ ọ́ fún mi: "Mà, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí wọ́n má gbé aláìsàn kan lọ kọlu ògiri yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n ní ó ń buyì kún ilé ìwòsàn, pé àwọn èèyàn ń ya fọ́tò níbẹ̀."

Ní ọjọ́ kọkànlá tí ẹ kú, akọ̀wé ọ̀gá àgbà wá kí mi.

"Mà, ọ̀gá ní kí n bá yín kẹ́dùn. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ ẹ̀gbọ́n yín sọ wọ́ọ̀dù pàjáwìrì tuntun."

"Èwo nìyẹn?"

"Èyí tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Ṣé o ti wọ ibẹ̀ rí?"

Ó wo bàtà ara rẹ̀. "Mà, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire! Wọ́n fẹ́ fi yín sọ wọ́ọ̀dù tí a kì í gbá, tí iná kì í kú níbẹ̀, tí aláìsàn kan ṣoṣo ò kú sínú rẹ̀ rí. Ta ló tún ní irú rẹ̀ láyé? Aláìsàn ń kú síwájú rẹ̀ ni.

Ẹ kọ́ mi pé bí mo bá fẹ́ mọ ojú kan tí ayàwòrán kan ìṣó rẹ̀ sí, kí n tẹ̀ lé àwọn ìlà. Mo ti tẹ̀ lé wọn. Ìlà kan ti ara pátákó ẹnu géètì wá. Òmíràn ti ìdí àga àlejò wá, òmíràn láti inú lẹ́tà mẹ́rin tí nọ́ọ̀sì kọ, òmíràn láti inú "ó kú lójú ọ̀nà." Gbogbo wọn ló pàdé lórí tábìlì kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Fèrèsé yẹn ń ṣí. Atẹ́gùn ń wọ ibẹ̀ dáadáa.

Kí ọ̀gá àgbà sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, níbi tó ti wọ́, kì í ṣe ibi tí wọ́n gbé àga sí. Kí wọ́n sọ ẹni tó ní kí ẹ yọ ìṣó, kí wọ́n sì sọ iye èèyàn tí wọ́n ti gbé lọ kọlu ibẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Kí àlejò tó pàtẹ́wọ́ padà wá fi ọwọ́ yẹn kan ilẹ̀kùn. Kí wọ́n tún ìwé ikú yín kọ, kí wọ́n kọ ọ̀nà tí ẹ kú sí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wó ògiri, kí wọ́n kọ́ ohun tí ẹ yà. Wọn ò lè ní àwọn ò mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ ti ya gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ìkọ́ tí nọ́ọ̀sì máa fi kọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo mú búrọ́ọ̀ṣì yín tó kéré jù, mo da ọ̀dà dúdú díẹ̀ sínú ìdérí ike, mo lọ síbẹ̀. Mo fi ìka wá ojú ihò tí ẹ dí, mo rí i. Mo ya ìṣó síbẹ̀. Ìṣó náà wọ́ bí abẹ́rẹ́ tó ti tẹ̀. Mo fi òjìji rẹ̀ kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ń wò mí.

"Kí lẹ̀ ń yà, mà?"

"Ìṣó."

"Lójú òfúrufú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wò ó títí. Ó dìde, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. "Háà!" ló wí. "Ògiri mà ni!"

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti pa á rẹ́. Nọ́ọ̀sì ló ránṣẹ́ sí mi. Kò burú. Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé, ọ̀dà yín sì ṣì kù ní ìdajì agolo. Títí wọ́n á fi fi ilẹ̀kùn gidi síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ajé ni màá máa ti ṣọ́ọ̀bù, tí màá máa lọ ya ìṣó yín padà.