Ọmọbìnrin Onírun Aláwọ̀ Òkun

Òfin kan wà tí ìyá mi fi tọ́ mi, tí èmi náà fi tọ́ ọmọ mi: bí o bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ láti ìhà omi, má ṣe dáhùn. Jáde sórí afárá pákó, kí o wá ojú ẹni tó pè ọ́. Bí o kò bá rí ojú, padà wọlé. N kì í fi òfin yìí ṣeré. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, òkun sì wà lẹ́yìn ilé wa.

Òfin yẹn náà ni wọ́n fi mú wa.

Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. A lọ kí àbúrò ọkọ mi, ó sì mú wa lọ sí ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n to ẹ̀rọ géèmù sí. Ọ̀kan nínú wọn ga jù mí lọ. Nínú dígí rẹ̀, ọmọbìnrin kan ń kọrin, ó ń jó, irun rẹ̀ gùn dé orúnkún, àwọ̀ irun náà sì dà bí òkun nígbà tí oòrùn bá wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn. Ohùn ènìyàn ni wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kọ̀ǹpútà ló wá ń tò ó di orin. Àwọn àmì kéékèèké á máa fò wá láti etí dígí. Àmì kọ̀ọ̀kan ní òjìji tó ń dúró dè é. Ìgbà tó bá bọ́ sínú òjìji yẹn gan-an ni kí o tẹ bọ́tìnnì. Bí o bá yá jù, o pàdánù. Bí o bá pẹ́, o pàdánù. Ọmọ mi, tí ohùn rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ níwájú àlejò, tẹ̀ ẹ́ títí àwọn ọmọ Èkó fi yí i ká tí wọ́n ń pariwo. Kí a tó padà, àbúrò ọkọ mi ra èyí tí wọ́n ń lò nílé fún un, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ṣeé gbé lọ́wọ́.

Mo gbọ́ gbogbo orin inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó jẹ́ kó dá fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn tí a padà sílé, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wáyà sólà dé. Orin náà yára, àwọn àmì ń ya wá, ọmọ mi sì ń pariwo sí wọn: "Mo ń bọ̀! Mo ń bọ̀! Dúró dè mí!"

Ìyá àgbà tó ń yan ẹja ní òdìkejì afárá gbọ́ ọ. Ó wo ojú omi, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó rìn wá, ó yọjú wo ẹ̀rọ náà, ó rí irun.

"Ìyá ọmọ! Jáde wá o! Ọmọ rẹ ń dá ọmọ Màlókun lóhùn!"

Màlókun ni alágbára inú òkun tí àwọn baba ńlá wa ń bẹ̀rù.

"Ìyá, géèmù ni."

"Géèmù tó ní irun báyìí? Ta ló ń bá a dì í?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ Ìsinmi, olórí akọrin, tí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ti dé etí rẹ̀, dá wa dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mi ni wọ́n ti yàn láti dá orin ìkórè.

"Màmá, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wá. A ó gbàdúrà sí i, a ó sì jù ú sínú òkun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yín kò ní dá orin."

"Bàbá, ọmọ ta ni ẹ pe ọmọbìnrin inú rẹ̀?"

"Ọmọ Màlókun."

"Ẹ wá fẹ́ sìn ín délé?"

Ẹnì kan láàárín àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín, ó yára bo ẹnu.

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohùn tí kò ní ara ni!"

"Rédíò yín ńkọ́?"

"Ènìyàn wà nídìí rédíò."

"Ènìyàn wà nídìí eléyìí náà."

Ó yíjú sí ọmọ mi. "Ìwọ, ta lo fẹ́ máa kọrin fún?"

Ọmọ mi wò mí.

"Má dáhùn," ni mo wí. Mo nawọ́ sí ojú fèrèsé. "Bàbá, òkun tó wà níta yẹn ti gba ilé ìwé àwọn ọmọ wa. Ó ti gba ilé ìdáná mi, tààrò tìkòkò. Kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ kó tó wá. Òun ni mo ń bẹ̀rù, n kò sì ní fi nǹkan ọmọ mi bọ́ ọ."

Nígbà tí ọjọ́ ìkórè pé, ọmọ mìíràn ló dá orin. Àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, a gbe orin náà bí gbogbo ìjọ ṣe ń gbè é. Nígbà tí a ń rìn lọ sílé lórí afárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Màmá, ṣé kí n kúkú jù ú nù?"

"Rárá."

Bí a ti délé, mo ṣí fèrèsé tó kọjú sí ibi tí ìyá àgbà ti ń yan ẹja, mo gbé ẹ̀rọ náà, mo yí ohùn rẹ̀ sókè. Ìka tó mọ àwọ̀n tún ṣe ni mo ní, kò mọ bọ́tìnnì.

"Mo ń bọ̀!" ni mo kígbe. "Dúró dè mí!"

"Màmá, ẹ ti pẹ́! Ẹ tún ti pẹ́!" Ọmọ mi ti ń rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀.

Ohùn kan dún láti ìta: "Ìyá ọmọ! Ìwọ náà?"

"Èmi náà, Ìyá. Ẹ jáde sórí afárá kí n rí ojú yín, kí n lè dá yín lóhùn dáadáa."