Bí Ọkọ Mi Ṣe So Ọkọ̀ Mọ́lẹ̀ Nídìí

Ọkọ mi wa bọ́ọ̀sì pẹ́ ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, débi pé màmá mi pàápàá, Dẹ̀rẹ́bà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí kò lè jókòó pẹ́ lójú títì mọ́, ó ra ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì, ó gbé e sí odò ní Agbabu. Ó ní omi kò ní kòtò. Mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n wà. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá rẹ̀, ó ní ẹni tó bá ti wa bọ́ọ̀sì, kí ló kù tí kò lè wà?

Màmá mi ní tiwọn kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Nǹkan kan kò ṣe wọ́n rí níbẹ̀. Wọ́n ṣáà ní ohun tí kò bá ní ilẹ̀ lábẹ́ kò ní í rí àwọn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ń gbé ní abúlé kan nísàlẹ̀ odò, lápá Ìlàjẹ. Ẹsẹ̀ ti kọ iṣẹ́ fún ìyá náà, kò lè wá kí wọn mọ́, omi nìkan ló sì já sí abúlé ọ̀hún. Orí fóònù ni àwọn méjèèjì ti ń pariwo síra wọn. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n sọ pé òun ti ń gbàgbé bí ojú àbúrò òun ṣe rí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, màmá mi ní, "Dẹ̀rẹ́bà, màá wọ ọkọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí omi bá kàn mí lára, ó parí."

Mo mọ màmá mi. Bí wọ́n bá ní ó parí, ó parí náà nìyẹn, àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn kò ní í fojú kan ara wọn mọ́ láyé. Ẹ̀rù bà mí ju màmá mi gan-an lọ.

Wọ́n jókòó sí àárín ọkọ̀, wọ́n gbé agbọ̀n púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó fún ẹ̀gbọ́n lé itan, wọ́n dijú, wọ́n ń ké pe Jésù. A ń lọ wẹ́rẹ́ títí ewé orí omi fi lọ́ mọ́ fáànù ẹ́ńjìnnì tó ń yí lábẹ́ omi. Ẹ́ńjìnnì kú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ.

"Ẹ má mikàn," ni ọkọ mi wí. "Mo ní búréèkì."

Ìdákọ̀ró rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀: ríìmù bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí wẹ́dà kan ní Ọ̀rẹ̀ jó irin bí èékánná mọ́ lára. Ó so okùn rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, okùn kúkúrú báyìí, ó sì jù ú sómi. Ní gáréèjì, ẹ̀yìn táyà ni wọ́n ń ki igi wẹ́ẹ̀jì sí, kí bọ́ọ̀sì má baà yí padà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà ni òun náà so tirẹ̀ mọ́.

Ìdákọ̀ró di ilẹ̀ mú. Imú ọkọ̀ gbéra sókè, ìdí rẹ̀ ń wọlẹ̀, omi gba orí ìdí wọlé, ó dé ẹsẹ̀ màmá mi. Wọ́n lajú. Èdè Ìkálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bú u, mi ò ní í kọ ọ́ síbí nítorí àwọn ará ìjọ wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ èyí tó ṣeé kọ: "Dẹ̀rẹ́bà! Bóo bá fẹ́ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ lo máa ń so okùn mọ́, àbí ọrùn?"

Lójú ẹsẹ̀, mo fi okùn ìdẹrù so okùn ìdákọ̀ró gùn, mo fà á lọ síwájú, mo so ó mọ́ imú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi tú ti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ yí bírí, ó kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, okùn náà gùn lọ síwájú, ọkọ̀ sì dúró jẹ́jẹ́.

Màmá mi nawọ́ sí igi ọ̀pẹ kan létí odò. "Ẹ tẹjú mọ́ ọn. Bó bá ń rìn, àwa là ń rìn."

Ọ̀pẹ kò rìn. Mo ń gbọ́n omi dànù, ọkọ mi ń fi ọ̀bẹ gé ewé kúrò lára fáànù. Ó tún ẹ́ńjìnnì tan, ó sì kígbe, "Yọ wẹ́ẹ̀jì!" Èmi ni ó sọ di kọ́ńdọ́ọ̀ bọ́ọ̀sì. Mo fa okùn, kò mira. Ó fẹ́ fi agbára ẹ́ńjìnnì fà á tu, màmá mi kàn yíjú wò ó ni, ó sì dẹwọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló sún ọkọ̀ síwájú títí okùn fi dúró ṣánṣán sókè ìdákọ̀ró. Nígbà náà ni mo fà á, ó sì jáde tòun ti ẹrẹ̀.

Bí a ṣe dé, ẹ̀gbọ́n wà lórí ẹní níwájú ilé. Òun àti màmá mi di ojú ara wọn mú lọ́wọ́. Nígbà tó yá ni ẹ̀gbọ́n rí ìró màmá mi tó tutù.

"Ta ló da omi sí ọ lẹ́sẹ̀?"

"Ọkọ ọmọ yín ni," ni màmá mi wí. "Ó ń so ewúrẹ́ nídìí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Omi ti kan màmá mi, ó sì rántí pé wọ́n ti ní ó parí nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó lọ dúró létí omi. Ó rọra pè, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Màmá mi sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n wo okùn, wọ́n rí i pé imú ọkọ̀ ni ó so ó mọ́.

"Dẹ̀rẹ́bà," ni wọ́n wí, "tú okùn sí i fún un, kó gùn dáadáa. Ṣé òní la sọ pé à ń lọ ni?"

Wọ́n sì padà lọ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn.