Fíìmù Tó Là Wá Sí Méjì Nínú Ilé Kan

Mo rántí ìgbà tí òkun ya wọ Oríòkè-Ìwàmímọ́, tí omi sé èmi àti àwọn òbí ọkọ mi mọ́lé. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí mi, mi ò mọ omi kankan ju ti ẹ̀rọ lọ, kí n tó fẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun. Ó máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́ kó tó wálé. Èmi tí mo ti rò pé ọkọ á máa dì mí lọ́wọ́ mú rìn lórí iyanrìn, inú ilé pákó tó dúró lórí òpó ni mo bá ara mi, tí mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń gbá ìdí ilé láàárọ̀ àti lálẹ́. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń bà mí.

Fíìmù ló kọ́kọ́ so èmi àti àwọn àna mi pọ̀. Apá mẹ́ta ni, ti àtijọ́, a sì ń pè é ní fíìmù obìnrin tó sọdá. Obìnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté, ó wọ ọkọ̀, ó sọdá omi láìbojú wẹ̀yìn, ó wá di olówó àti ìkà ní òdìkejì. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí tó fi lọ. Bàbá ọkọ mi, apẹja tó ti gbé àwọ̀n kọ́, mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí. Bí obìnrin náà bá ti ń wọ ọkọ̀, bàbá á ní, "Ẹ wojú ìkà! Ìkà ò nílò ìdí." Ìyá ọkọ mi kì í gbójú sókè wò ó. Edé ló máa ń ṣà.

Lọ́dún tí mo ṣègbéyàwó, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn fíìmù àkọ́kọ́ náà, ni wọ́n tún gbé apá méjì jáde, tí wọ́n fi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ti àtijọ́: ìgbà èwe obìnrin náà, bí bàbá rẹ̀ ṣe fà á fún ọkọ tí kò fẹ́, bí wọ́n ṣe ń tì í mọ́lé. Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tá a jókòó sí ní èbúté Igbokoda, tá à ń dúró kó kún, àgbàlagbà méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya. Ọ̀kan ní wọ́n ti ba fíìmù náà jẹ́, wọ́n sọ ìkà di ẹni tá a gbọ́dọ̀ máa ṣàánú fún. Èkejì ní ìgbà yìí gan-an ni ìtàn náà tó pé. Awakọ̀ ní kí wọ́n rọra, pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, àti olóòótọ́ àti òpùrọ́ ni yóò mumi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ti ra síídì rẹ̀ sínú àpò. Mo rò pé ẹ̀bùn ni mò ń gbé lọ sílé.

Ọjọ́ kejì ni òkun ya. Afárá pákó tó so ilé wa mọ́ ti aládùúgbò wó lọ, ọkọ̀ kankan ò lè jáde. Pùpúrú wà nílé, ẹja gbígbẹ wà, epo jẹnẹrétọ̀ náà ṣẹ́ kù díẹ̀. Nígbà tí gbígbé ojú kan sú wa, mo fi fíìmù tuntun náà sí i lọ́sàn-án.

Kò tíì dé àárín tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Irọ́ pátápátá. Ta ló bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìyàwó, pa á."

Mo dìde.

"Fi sílẹ̀," ni ìyá wí.

Mo wojú rẹ̀, omijé ti bò ó.

"Ìyá wọn, fíìmù lò ń sunkún sí?"

"Kì í ṣe fíìmù, Bàbá wọn. Èmi náà ti di ẹrù mi rí, tí mo fẹ́ lọ. Ọkọ ìyàwó tó dúró yìí wà lọ́mọ ọwọ́ lẹ́yìn mi, mo dé èbúté. Ó figbe ta, ni mo bá padà."

"Kí ni mo fi dù ọ́?"

"Oúnjẹ kọ́, aṣọ kọ́. Àwọn òbí mi mú mi wá, ẹ sì gbà mí bí ẹni gba ẹrù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò bi mí rí bóyá mo fẹ́ wà níbí."

Ẹyin lohùn. Bàbá kọjú sí ògiri. Látìgbà náà, èmi ni wọ́n ń rán sí ara wọn nínú yàrá tí wọ́n lè nawọ́ kan ara wọn. "Ìyàwó, sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." "Ìyàwó, sọ fún ìyá rẹ pé ebi ò pa mí." Wọ́n ní a kì í sùn nílé ẹni ká fọrùn rọ́, àmọ́ gbogbo wa la rọ́ lọ́rùn nínú ilé yẹn. Omi wà nísàlẹ̀, òjò wà lókè, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó jọ sì wà láàárín. Mo bá síídì náà wí bí ẹni ń bá ọmọ wí.

Nígbà tí omi fà, ìyá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Igbokoda. Bàbá ò dá a dúró. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyàwó, bá mi fi fíìmù yẹn sí i." Ó wò ó parí. Lẹ́yìn náà, ó ní kò dára tó ti àtijọ́. Ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó sì lọ sí Igbokoda.

Òun nìkan ló padà dé.

"Mo bi í," ló sọ fún mi. "Ó ní òun ò fẹ́."

Ó tún lọ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ẹja lọ́wọ́. Níkẹyìn, ìyá ní òun á gbé pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ òun lòun máa yan ilé. Orí ilẹ̀ tó le ló yàn án sí, ní Igbokoda. Èyí ló fún èmi náà láyà láti sọ fún ọkọ mi pé mi ò lè dá gbé lórí omi mọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé kò bínú. Igbokoda ni èmi náà kó lọ, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan níbẹ̀ báyìí.

Òkun ti gbé ibi tí ilé wa dúró sí lọ. Àwọn ènìyàn ṣì ń bá ara wọn fà á lórí fíìmù náà, wọ́n á ní kí n gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Bàbá ò yẹhùn, ti àtijọ́ ló fọwọ́ sí. Ìyá ò sì wo ti àtijọ́ mọ́. Mo máa ń yà sọ́dọ̀ wọn bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà mìíràn màá bá tẹlifíṣọ̀n ní pípa, wọn ò sì ní gbọ́ ìwọlé mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.