Ẹ̀rín Tí Jude Ń Wá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi tó bẹ́. Èmi Bàṣírátù, Yaba ni mo ti ń ránṣọ, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn mí. Jude tí àwọn ọmọ ìgboro ń pariwo orúkọ rẹ̀ yìí, ojú mi ló ṣe dàgbà. Àgbàlá kan náà la jọ ń gbé. Ìyá rẹ̀, Tíṣà Gertrude, ló kọ́ àwọn ọmọ mi ní ABD. Tó bá ti ilé ìwé dé, ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń jókòó sí, tí á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bọ́tìnnì tí mo rán wọ́. Ẹ̀rín obìnrin yẹn! Tó bá bú sẹ́rìn-ín báyìí, èmi gan-an á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, mà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tèmi tán.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀, ó parí. Ojú á le koko bíi ti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Kò sí fọ́tò kankan tó ti rẹ́rìn-ín. Fídíò kan ṣoṣo tó ti ń rẹ́rìn-ín, inú fóònù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ Jude ní Ojú Ẹlẹ́gbà ló bá lọ. Nígbà tí ìyá náà wá kú, fọ́tò olójú líle yẹn ni wọ́n fi ṣe pósítà ìkéde òkú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri àdúgbò.

Ẹ kúkú mọ̀ bá a ṣe ń ṣe é. A kì í fọwọ́ ya pósítà òkú. Òjò ni yóò tú u, oòrùn á jẹ èyí tó bá kù. Ẹni tó bá ya á, wọ́n á ní ó ń lé olóògbé kúrò nílé. Nígbà tí òjò wá ń mú ti Tíṣà Gertrude lọ díẹ̀díẹ̀, ara Jude ò gbà á. Ló bá gbé ọ̀dà, ó ya ojú ìyá rẹ̀ gàgàrà sára ògiri níbi tí pósítà náà wà gan-an. Fọ́tò yẹn ló wò yà á, ojú líle náà ni. Ó wá fi awò dúdú bo ẹyinjú rẹ̀, torí ó sọ fún mi pé òun ò lè ya ẹyinjú yẹn kí òun má sunkún.

Awò dúdú yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ rí i, wọ́n ní, "Háà! Màámi yìí le gan-an o!" Wọ́n ń wá dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò, tòun ti ṣòkòtò fífẹ̀ wọn àti bàtà tó tó ọkọ̀ ojú omi. Solomon kan tó ń ta aṣọ ìgboro ní Surulere sáré dé. Ó ní kí Jude gé ojú náà sára páálí, kí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́ sára húùdì, ẹ̀wù olófìlà tí wọ́n ń wọ̀. Èmi ni mo ń rán húùdì náà. Mi ò ní parọ́, iṣẹ́ náà gbè wá, ibẹ̀ sì ni Jude ti ń bọ́ bàbá rẹ̀.

Bí eré bí eré, Màámi dé orí fìlà, ó dé ara báàgì. Tí Jude bá ya nǹkan mìíràn, ọkọ̀ ojú irin ni o, ọmọbìnrin tó ń dirun ni o, Solomon á wò ó, á ní, "Ó dáa, àbúrò mi. Màámi dà?" Wọ́n pè é kó wá ya ògiri ní Mushin, Màámi ni wọ́n fẹ́. Wọ́n pè é síbi ìpàtẹ àwòrán, Màámi náà ni. Ọmọ tó mọ àwòrán yà bí kí ló dé, ojú kan ṣoṣo ló há sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó fìdí jókòó.

"Àǹtí Bàṣírá, tí Màámi bá ń rẹ́rìn-ín, báwo ni ojú wọn ṣe máa ń rí?"

Mo ní, "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mi ò rántí mọ́. Tí mo bá dijú, eléyìí ni mò ń rí." Ó nàka sí òkìtì húùdì tó wà lẹ́sẹ̀ mi. "Mo fẹ́ ya ẹ̀rín wọn lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó lọ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí."

Mo lanu kí n sọ fún un. Ẹ gbà mí o! Ariwo ẹ̀rín náà ń dún létí mi, ṣùgbọ́n ojú tó yẹ kó bá a wá, awò dúdú ni mo rí. Èmi tá a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan! Inú bí mi débi pé mo ta òkìtì húùdì yẹn nípàá.

Jude bọ́ síta, ó lọ ra ọ̀dà funfun. Ó ní òun á kun ògiri náà rẹ́, bóyá tíyẹn bá kúrò lójú òun, ojú tòótọ́ á padà wá. Mo tẹ̀ lé e. Kò tíì ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà tán tí ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fi figbe ta.

"Kí lo fẹ́ ṣe yẹn?"

"Èmi ni mo yà á, sà. Ìyá mi ni."

"Ìyá ẹ lo fẹ́ fọwọ́ ara ẹ pa rẹ́? Èèwọ̀! Fi í sílẹ̀ fún òjò."

Mo ní, "Ọ̀dà nìyí, bàbá! Òjò wo ló ń fọ ọ̀dà?"

Ta ní ń gbọ́? Kí n tó ṣẹ́jú, èrò ti pé lé wa lórí. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà rọra gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀." Ká ní ìjà ni, èmi mọ ìjà í jà. Àánú ni wọ́n fi dè é, kò sì sóhun tí mo lè ṣe sí i.

Ó wá ku ẹnì kan tó lè rántí ẹ̀rín náà. Bàbá rẹ̀, Tíṣà Ambrose, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku, kò fojú kan ògiri yẹn rí. Ó ní, "Òkú là ń sin, a kì í gbé e rìn kiri." Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá rí ẹni tó wọ húùdì wa, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ń pè é ní bàbá onítìjú. Àṣé ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ ló ń pa mọ́ sọ́kàn.

Solomon yọ̀ǹda ògiri kan fún Jude lẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ lò fún ìpàtẹ àwòrán Màámi ní Yaba. Ibẹ̀ ni Jude ya ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí, bó ṣe lè rántí mọ. Ó bẹ bàbá pé kó sọ ibi tó ti ṣì í. Bàbá ní, "Ẹ̀rín ò ṣeé fẹnu júwe. Tí mo bá rí i, mà á mọ ohun tó kù." Ojú bàbá kò sì ríran dáadáa lórí fóònù. Ni mo bá ní kò burú, èmi ni mà á mú un lọ.

Àdéhùn wa ni pé kí bàbá dé ṣáájú èrò, kó wò ó, kó máa lọ. Ìgbà tá a fi máa débẹ̀, Solomon ti ṣílẹ̀kùn, ilé ti kún. Màámi lára ògiri, Màámi láyà ọmọkùnrin, Màámi lẹ́yìn ọmọbìnrin, gbogbo wọn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Mo di bàbá lápá mú, mò ń sọ pé, "Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, sà. Ilẹ̀." Ẹnì kan bá kígbe pé, "Ọkọ Màámi rèé o!" Wọ́n rọ́ yí i ká, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀. Ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ ni bàbá. Ó gbójú sókè, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tá a jàjà dé ẹ̀yìn, Jude ti mú búrọ́ọ̀ṣì dání. Bàbá wo àwòrán náà pẹ́.

Ó ní, "Kì í ṣe òun."

Inú Jude dùn. Mo ní inú rẹ̀ dùn! Ẹni tó mọ̀ pé kì í ṣe òun, ó mọ òun nìyẹn. "Níbo ni mo ti ṣì í, sà? Ẹnu ni àbí ojú?"

Bàbá na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán náà, ó dúró. Ó dijú. Ó là á. Ó wẹ̀yìn wo àwọn èrò yẹn, ó tún kọjú sí ògiri. Ó sọ ìka náà kalẹ̀.

"Jude," ó ní, "mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dé ẹnu ọ̀nà."

Omi bọ́ lójú mi pòròpòrò, mi ò tijú ẹnikẹ́ni. Jude ò sunkún ní tiẹ̀. Ó gbá ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Kò burú, sà. Kò burú." Solomon ti ń pè é látòkèèrè pé àwọn èèyàn ń dúró dè é. Ọmọbìnrin kan sì ti kẹ̀yìn sí i, ó ní kó bá òun fọwọ́ sí húùdì òun. Jude gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó gba bíírò, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ojú náà.