Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Ìrora

Inú ló ń run Alhaji Abdulmumini lọ́jọ́ tí Asabe ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ká jọ sórí bẹ́ńṣì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Rahama wá dúró tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò.

"Bàbá, láti oókan dé ẹẹ́wàá, eélòó ni ìrora yín wà?"

Alhaji gbé orí sókè. "Ẹẹ́wàá ta ni?"

"Bàbá, ẹẹ́wàá ni ẹẹ́wàá."

"Irọ́ ni. Tí mo bá lọ ra ẹ̀wà ní ọjà Ìpàta, kóńgò wà nílẹ̀. Èmi rí i, ẹni tó ń tà á rí i, kódà ẹni tó fẹ́ rẹ́ mi jẹ rí i. Kóńgò tí ẹ fi ń wọn ìrora dà? Gbé e jáde kí n wò ó."

Rahama ní kò sí kóńgò, pé kó ṣáà fojú bù ú.

"Inú mi ló ń run mí, o ní kí n fojú bù ú?"

Asabe kó sí wọn lẹ́nu. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ mẹ́jọ síbẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Mẹ́jọ! Asabe, nínú ikùn ta lo ti rí mẹ́jọ?"

Nọ́ọ̀sì ò bá a jiyàn mọ́. Ó fa abẹ́rẹ́, ó ní kó yí ìdí padà, ó sì gún un. Igbe tí Alhaji ké, àwọn tó wà lẹ́nu géètì sáré wọlé.

"Eélòó nìyẹn, bàbá?" ni Rahama wí.

"Ẹẹ́wàá! Ṣùgbọ́n ẹẹ́wàá tèmi ni o! N ò sọ ti ẹlòmíì!"

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí a ti ń pè é lẹ́yìn ti di èyí tí a ń pè é lójú: Alhaji Ta-Ló-Mọ̀. Bí ẹ bá bèèrè Abdulmumini ní agboolé wa, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní Ta-Ló-Mọ̀, wọ́n á gbé àga fún yín.

Ọ̀dà ni ọkùnrin yìí ń tà ní Táíwò Road, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé. Mo sì búra, kò sí ẹni tí iṣẹ́ náà kò yẹ bí òun. Hadiza, aránṣọ kan ládùúgbò wa, lọ bá a lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ ewé fún pálọ̀.

"Ewé tí ìwọ rí, àbí ewé tí èmi rí?"

"Alhaji, ewé ni ewé."

"Orúkọ rẹ̀ la jọ mọ̀. Ohun tí ojú rẹ rí ńkọ́? Ó lè jẹ́ ohun tí ojú mi ń rí lára ata lojú tìẹ ń rí lára ewé, kó sì jẹ́ pé láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ẹ pé ewé là ń pè é. Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Hadiza wo ọ̀dà, ó wo Alhaji. "Bí mo bá wá kùn ún tán, tí ọkọ mi wọlé tó ní pupa ni ńkọ́? Ṣé ẹ máa gbà á padà?"

"Èmi kì í gba ọ̀dà padà o."

Ni Hadiza bá sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Toyyib, tí òun náà ń ta ọ̀dà ní ọ̀ọ́kán. Toyyib kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan, ó sì ti fi kọ́lé. Lẹ́yìn gbogbo ìrun ló máa ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún Alhaji Ta-Ló-Mọ̀, tọkàntọkàn.

Gbogbo èyí, ẹ̀rín la fi ń rín. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni kò ṣeé rín sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí àjèjì bá kọsẹ̀ ní ìgboro, ènìyàn á kí i ní pẹ̀lẹ́ kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Alhaji kì í kí ẹnikẹ́ni ní pẹ̀lẹ́. Ó ní ẹ̀rí jíjẹ́ ni pẹ̀lẹ́, ẹni tí kò rí nǹkan kì í jẹ́rìí sí i, ta ló sì rí inú ẹnìkejì rí? Láti ìgbà tí wọ́n ti so yìgì wọn, Asabe ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó bí Sakinah, kò gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ kú, kò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan tó ń dín wàrà, òróró ta sí i lọ́wọ́. Gbogbo agboolé hó pé pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́ o. Alhaji dìde lórí ẹní, ó wá lóṣòó tì í, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ náà.

"Báwo ló ṣe rí? Ṣé ó ń ta ẹ́ ni, àbí ó ń jó ẹ?"

"Ó ń jó mi!"

"Irú jíjó wo?"

"Bàbá Sakinah, ẹ na ọwọ́ tiyín wá kí n da díẹ̀ sí i!"

"Kò wúlò. Tèmi ni mo máa mọ̀, n ò ní mọ tìẹ."

Lóòótọ́, òun náà ló sáré bu omi tútù, òun ló di ọwọ́ náà mú sínú abọ́. Ṣùgbọ́n Asabe ní, "Omi kọ́ ni mo fẹ́. Pẹ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín kí n tó kú."

"N ò lè purọ́ fún ẹ, Asabe."

Obìnrin náà sunkún ju bí òróró ṣe pa á lára lọ. Inú bí mi sí Alhaji lọ́jọ́ náà, haba! Kí ni pẹ̀lẹ́ ń jẹ lẹ́nu ènìyàn?

Kò pẹ́ sí i ni Lami kú, ìyàwó Àhmádù, ọ̀rẹ́ Alhaji tó ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Tanke. Ọ̀fọ̀ náà wúwo. Àwọn tó wá kí i kún yàrá, oníkálukú ń wí pé, "Àhmádù, a mọ bó ṣe rí lára rẹ." Ó kan Alhaji.

"Àhmádù, èmi ò mọ bó ṣe rí lára rẹ o."

Ẹnì kan ní "Asitagifirulahi." Àhmádù gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Alhaji ò bẹ̀bẹ̀, kò ṣàlàyé, ó kàn lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, èyí ní òun ní ìpàdé, ìyẹn ní kẹ̀kẹ́ òun ń dúró. Nígbà tí ìrun mọ̀ǹgàríbà máa fi tó, gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ sílé wọn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nìkan ló kù. Ibẹ̀ ló ń sùn, tó ń jí, títí wọ́n fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

Asabe gbọ́, ó mi orí. "Ó rí gbogbo ọjọ́ yẹn fún Àhmádù, kò rí pẹ̀lẹ́ kan fún mi."

Ọ̀rọ̀ inú rírun yẹn náà ló padà wá lọ́dún tó kọjá, lọ́tẹ̀ yìí kò gbọ́ abẹ́rẹ́. Àwọn dókítà ní ó ti ju agbára àwọn lọ, kó máa lọ sílé. Asabe jókòó tì í lórí ẹní, ó ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀. Alhaji ń kérora.

"Asabe, ṣé o ò ní kí mi ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́."

"Ta ló bi ẹ́ bóyá o mọ̀ ọ́n? Ṣáà sọ ọ́."

Asabe rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Sakinah."

Alhaji di ojú. Ó ní ìrora náà fúyẹ́ díẹ̀.

"Irú fífúyẹ́ wo?" ni Asabe wí.

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu ọkùnrin náà. Nígbà tó mí tán, ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ Asabe rí, èyí tí òróró jó.

"Pẹ̀lẹ́, Asabe."

"Èmi? Kí ló ṣe mí tí ẹ fi ń kí mi?"

"N ò mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e ló kú. Toyyib ọlọ́dà sunkún débi tí àwọn kan fi rò pé òun ni ọmọ òkú. Àwọn èrò dé, wọ́n jókòó yí Asabe ká, wọ́n ní, "Ìyá Sakinah, a mọ bó ṣe rí lára yín."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n," ni Asabe wí. Ojú tó fi wò wọ́n, ojú Alhaji gan-an ni.

Àhmádù wá wọlé láti Tanke, ó bọ́ bàtà, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Asabe, èmi ò mọ bó ṣe rí lára rẹ o. Pẹ̀lẹ́."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Asabe, omi ojú sì tẹ̀lé e. Ó sún lórí ẹní, ó ní kí Àhmádù jókòó, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ ni Àhmádù lọ jókòó sí. Àwọn èrò kí i, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi máa dìde, Àhmádù ṣì wà ní kọ̀rọ̀, Asabe sì ti bu wàrà síwájú rẹ̀.